Bí ẹ ṣe lè di nọ́ọ̀sì tí òfin mọ̀ ní Nàìjíríà: láti WAEC títí dé láísẹ́ǹsì

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí àti àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá máa ń bi mí: "Ibo ni kí n gbà kí n fi di nọ́ọ̀sì?" Ìbéèrè kejì a máa dé lẹ́yìn ọdún bíi méjì, tòun ti omijé: "Wọ́n ní orúkọ ọmọ mi ò sí lọ́dọ̀ Council. Kí la fẹ́ ṣe báyìí?" Nítorí ìbéèrè kejì yìí ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí.

Council tí gbogbo èèyàn ń pè bẹ́ẹ̀ ni Nursing and Midwifery Council of Nigeria, NMCN, tó wà ní Àbújá. Òun ló ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́, òun ló ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sínú ìwé, òun ló ń ṣètò ìdánwò, òun náà ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì. Ẹ̀kọ́ yòówù kí ẹ kọ́, tí kò bá ti ọ̀dọ̀ wọn kọjá, kò lè sọ yín di nọ́ọ̀sì.

## Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sanwó fún lérò pé nọ́ọ̀sì ni

Auxiliary nurse. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ládùúgbò lè gba ọmọ yín, kí wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù fún un, kí wọ́n kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́ gígún àti bí wọ́n ṣe ń fa omi sí aláìsàn lára, kí wọ́n sì fún un ní sátífíkéètì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Sátífíkéètì yẹn kò já mọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ Council. Kì í ṣe ìpele àkọ́kọ́, kò sì lè dín ọjọ́ kan kù nínú ẹ̀kọ́ gidi tí ọmọ bá fẹ́ ṣe lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ti fi ìgbà èwe wọn ṣòfò síbẹ̀ nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé wọ́n á "yí i padà tó bá yá". Ohun tó sì ń dùn mí jù ni ti aláìsàn tó na apá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò kọ́ dáadáa.

CHEW (Community Health Extension Worker, òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko). Iṣẹ́ tó níyì ni, ọ̀pọ̀ abúlé ni kò ní ẹlòmíì tó ń tọ́jú wọn. Ilé ẹ̀kọ́ School of Health Technology ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, àjọ tó ń bójú tó o yàtọ̀ sí Council. Ẹ lọ síbẹ̀ tó bá jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má lọ síbẹ̀ lérò pé nọ́ọ̀sì ni ẹ máa dà.

ND nìkan. Ẹni tó bá parí ND nọ́ọ̀sì tó sì dúró síbẹ̀ ṣì wà lágbede méjì. HND ló kù tí ó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó kan láísẹ́ǹsì.

## Ọ̀nà tó wà

Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí School of Nursing ọlọ́dún mẹ́ta ti ń di College of Nursing Sciences: ND ọdún méjì, HND ọdún méjì. Irú wọn ló wà ní UCH àti ní Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn, ní LUTH l'Ékòó, àti ní Sacred Heart, Lántòrò, l'Abẹ́òkúta. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì, ọwọ́ ọmọ sì máa ń tètè yá.

Yunifásítì. Ọdún márùn-ún ni, digírì BNSc ni wọ́n ń gbà. UI, OAU, UNILAG àti LAUTECH wà lára àwọn tó ń ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni internship ọlọ́dún kan, kí NYSC tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó ti jẹ́ RN (Registered Nurse, nọ́ọ̀sì tó ti ní láísẹ́ǹsì) tẹ́lẹ̀. Ẹ lè gba direct entry wọ 200 level, tàbí kí ẹ lọ sí NOUN (National Open University) tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kírẹ́díìtì márùn-ún yín ṣì gbọ́dọ̀ pé.

Èrò tèmi ni pé tí máàkì ọmọ bá gbé e dé yunifásítì, tí agbára sì wà, kí ẹ gba yunifásítì. Ọdún kan péré ló fi ju ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun lọ, kò sì ní sí wàhálà ìwé nígbà tí ọmọ bá fẹ́ ṣe másítà tàbí kó di olùkọ́. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Council fọwọ́ sí sàn ju yunifásítì tí Council kò mọ̀ lọ, lọ́nà gbogbo.

## Bí ẹ ṣe máa tò ó

1. Ẹ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Kò gbọ́dọ̀ ju ìjókòó méjì lọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan sì ń béèrè ìjókòó ẹyọ kan. Físíìsì ló ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró, torí pé wọn kò kà á sí nǹkan nígbà tí wọ́n wà ní SS2.

2. Ẹ ṣe JAMB. Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì, Físíìsì. Ní ọdún 2025, máàkì tó kéré jù tí wọ́n fẹnu kò sí ni 140 fún kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì àti 150 fún yunifásítì. Ẹ má fi ọkàn lé iye yìí. Nọ́ọ̀sì wà lára ohun tí èèyàn pọ̀ jù tó ń wá, yunifásítì ńlá sì máa ń gbé tirẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

3. Ẹ wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́ lórí ìkànnì Council, nmcn.gov.ng. Ẹ fi ojú ara yín rí i. Kí ilé ẹ̀kọ́ sọ pé àwọn "ti ń ṣe é lọ́wọ́" kò tó. Tó bá jẹ́ yunifásítì, ìfọwọ́sí méjì ni ẹ ń wá: ti NUC (àjọ tó ń bójú tó yunifásítì) àti ti Council. Yunifásítì lè ní ti NUC kó má ní ti Council. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè gba digírì kó má sì lè tọ́jú ẹnikẹ́ni.

4. Ẹ ra fọ́ọ̀mù, ẹ múra ìdánwò ìwọlé àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni kí owó lọ. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu géètì pé òun "mọ prọ́vọ́ọ̀sì" ń wá owó yín ni.

5. Kí ẹ tó san owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ béèrè iye àyè. Abala tó kàn sọ ìdí rẹ̀.

6. Ẹ mú orúkọ bára mu. WAEC, ìwé ọjọ́ ìbí, NIN àti JAMB gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà. Orúkọ wa máa ń gùn, a sì máa ń gé e bó ṣe wù wá: Oluwafunmilayo lórí ìwé kan, Funmilayo lórí èkejì, Funmi lórí ẹ̀kẹta. Lójú ẹ̀rọ, èèyàn mẹ́ta nìyẹn. Ẹ tún un ṣe nísinsìnyí, kó má di ẹ̀yìn ọ̀la kí ẹ máa sáré ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìkéde inú ìwé ìròyìn kiri nígbà tí ìdánwò ti kù dẹ̀dẹ̀.

7. Ẹ rí i pé wọ́n ṣe indexing ọmọ. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

## Indexing: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kàgbákò

Indexing ni kíkọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Council. Ẹni tí wọn kò ṣe indexing fún kò lè jókòó ìdánwò Council, ì báà jẹ́ òun ló gbégbá orókè nínú kíláàsì.

Bó ṣe ń rí nìyí. Council máa ń fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọọdún, wọ́n ń wo iye olùkọ́, iye bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ohun èlò. Ká ní 50 ni wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Tí ilé ẹ̀kọ́ náà bá gba ọmọ 90, ogójì ló ṣẹ́kù sí ìta. Àwọn ogójì yìí ń san owó, wọ́n ń wọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ń lọ wọ́ọ̀dù, wọn kò sì mọ̀. Nígbà míì wọ́n á ní kí wọ́n dúró de ti ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n tún dúró. Mo ti rí òbí tó ta ilẹ̀ nítorí irú ìdúró bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, ẹ sì béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín:

- Èèyàn mélòó ni Council ní kí ẹ gbà lọ́dún yìí?
- Èèyàn mélòó ni ẹ ti fún ní àyè?
- Nígbà wo ni ẹ máa ṣe indexing tiwa?

Ilé ẹ̀kọ́ tó mọ́ á dáhùn láìbínú. Tí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po, tí wọ́n ní kí ẹ ṣáà sanwó ná, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ní yunifásítì, lẹ́yìn 100 level ni indexing sábà máa ń wáyé, torí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọlé ló ń kọjá sí 200 level nọ́ọ̀sì. Ọmọ tí kò bá kàwé lọ́dún àkọ́kọ́ lè bá ara rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ sọ èyí fún un kó tó gbé àpótí rẹ̀ lọ sí hóstẹ́ẹ̀lì.

## Nígbà tí posting bá bẹ̀rẹ̀

Posting ni ìgbà tí wọ́n bá rán yín lọ kọ́ṣẹ́ nínú wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan wọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni: ti òní, ti oṣù kan sí i, ti oṣù kẹfà. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ posting ti pẹ́.

Ẹ má ṣe dé ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò. Inú àpótí abẹ́rẹ́ ni kí ó lọ tààrà. Tí abẹ́rẹ́ bá gún yín:

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ̀jẹ̀ jáde.
2. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.
3. Ẹ lọ gba oògùn ìdènà HIV. Láàárín wákàtí 72 ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ni ó ṣe dára tó. Ọjọ́ 28 ni ẹ máa lò ó.

Àwọn ọmọ máa ń fi pamọ́ torí pé wọ́n ń bẹ̀rù ìbínú mátíróònì. Ẹ jọ̀wọ́, ìbínú mátíróònì á rọlẹ̀ lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń kó o jọ di òpin posting máa ń rí i pé nọ́ọ̀sì tó rí òun ti lọ ìsinmi. Ohun tí ẹ kò bá sì tíì ṣe rí, ẹ sọ pé ẹ kò ṣe é rí. Nọ́ọ̀sì àgbà kò ní kórìíra yín fún un.

## Iṣẹ́ ìwádìí yín

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ṣe ìwádìí kan. Níbí ni mo fẹ́ ká rọra dúró, torí pé ọ̀pọ̀ ń rà á ní cyber café, wọ́n ń yí orúkọ ìlú padà, wọ́n sì ń gbàgbé láti yí gbogbo rẹ̀ tán. Olùkọ́ ń rí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwádìí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ni yóò kọ́ yín bí ẹ ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, ẹ ó sì máa lò ó títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì.

Àkòrí. Ẹ mú un láti inú wọ́ọ̀dù tí ẹ ti ṣiṣẹ́. "Ipa ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà" tóbi ju yín lọ. "Ohun tó ń mú kí àwọn tó ń wá síbi ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn kan fi oògùn wọn sílẹ̀": èyí ṣeé ṣe láàárín oṣù díẹ̀.

Iye èèyàn. Fọ́múlà Yamane ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fẹ́: ẹ pín iye gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sí 1 + (iye wọn × 0.05 × 0.05). Tí wọ́n bá jẹ́ 200, ẹ ó pín 200 sí 1.5, yóò jẹ́ 134. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un nítorí àwọn tí kò ní parí fọ́ọ̀mù, yóò di 148. Ẹ mọ ìdí tí ẹ fi lò ó, torí wọ́n á bi yín.

Ìyọ̀ǹda. Ẹ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí ní ilé ìwòsàn náà kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan. UI àti UCH ní tiwọn, ilé ìwòsàn yunifásítì yòókù náà ní tiwọn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Òfin ìlera ti 2014, National Health Act, sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí: ẹ má kọ orúkọ aláìsàn sórí fọ́ọ̀mù, ẹ má sì ya fáìlì ní fọ́tò sórí fóònù yín.

Ìbéèrè lédè Yorùbá. Tí àwọn tí ẹ fẹ́ bi bá jẹ́ àgbàlagbà ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkirè, ẹ má gbé fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì lọ kí ẹ máa túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ bá bi Bàbá Ṣọlá á yàtọ̀ sí ohun tí ẹ bá bi Ìyá Àbíkẹ́. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kọ ọ́ ní Yorùbá.
2. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì tí kò rí ti àkọ́kọ́ dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì.
3. Ẹ fi méjèèjì wéra, ẹ tún ibi tó yàtọ̀ ṣe.
4. Ẹ dán an wò lọ́wọ́ èèyàn díẹ̀ tí kò sí lára àwọn tí ẹ máa kà.

Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ẹ ń lo oògùn yín dáadáa?" Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sọ pé: "Mà, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa pé ká gbàgbé oògùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni ẹ kò rí tiyín lò?" Tí ẹ bá sì lè ṣe é, ẹ bọ́ yunifọ́ọ̀mù kí ẹ tó lọ. Àgbà tó bá rí aṣọ nọ́ọ̀sì máa ń dáhùn ohun tó rò pé nọ́ọ̀sì fẹ́ gbọ́, kó má bàa dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa bínú sí wọn.

## Ìdánwò Council àti láísẹ́ǹsì

Apá kan jẹ́ orí kọ̀ǹpútà, apá kan jẹ́ ti ọwọ́ níwájú olùdánwò. Ẹ fi kọ̀ǹpútà dánra wò ṣáájú. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ kì í ṣe àìmọ̀, ìkánjú ni. Wọ́n á gbàgbé láti fọ ọwọ́, láti kí aláìsàn, láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Olùdánwò ń ka gbogbo rẹ̀.

Tí ẹ bá yege, ẹ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí RN, ẹ gba láísẹ́ǹsì. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe. Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ ti lọ sí MCPDP, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfikún tó jẹ́ dandan fún nọ́ọ̀sì, tí Council fọwọ́ sí, kí ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Ẹ má dúró di oṣù tí ọjọ́ láísẹ́ǹsì máa pé.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe lẹ́yìn náà lè lọ kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Aro l'Abẹ́òkúta tàbí ní Yábàá, ti eegun ní Ìgbóbì, tàbí iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ibi púpọ̀.

## Tí ọkàn yín bá wà lókè òkun

Mi ò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ má lọ. Ẹ kàn mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì 2024, Council gbé ìwé jáde pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí sí ìwé òun fún orílẹ̀-èdè mìíràn gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì. Àwọn nọ́ọ̀sì yan jáde l'Ábùjá àti l'Ékòó láti tako ó. Ẹ wo ìlànà tó wà lórí ìkànnì Council lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Britain ń béèrè ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, CBT (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) àti OSCE (ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́). Amẹ́ríkà ń béèrè NCLEX-RN, ìdánwò láísẹ́ǹsì tiwọn. Ẹ ṣe é fúnra yín. Ní 2023, NMC, àjọ tó ń bójú tó àwọn nọ́ọ̀sì ní Britain, kéde pé àwọn èsì CBT kan láti ibùdó kan n'Ìbàdàn mú ìfura dání, wọ́n sì gbé ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì yẹ̀ wò, títí kan àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

## Ẹ mú èyí dání lọ sí ilé ẹ̀kọ́

- Èsì WAEC tàbí NECO, kò gbọ́dọ̀ ju ìjókòó méjì lọ
- Ìwé ọjọ́ ìbí àti NIN, orúkọ kan náà lórí gbogbo wọn
- Ìwé JAMB
- Àwòrán ojú ìwé Council tó ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà
- Rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ san
- Ìwé àjẹsára hepatitis B

## Tí ẹ bá ti wà nínú ilé ẹ̀kọ́ tí Council kò mọ̀

Ẹ dá owó dúró lónìí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ pé ẹ fẹ́ mọ nọ́ńbà indexing yín, ẹ fún wọn ní gbèdéke, ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà. Ẹ kọ sí Council pẹ̀lú láti béèrè bóyá orúkọ yín wà. Tí kò bá sí, ẹ má dúró de "ọdún tó ń bọ̀" ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ gba ìwé yín jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó tọ́. Ó máa dùn yín, mo mọ̀, pàápàá tí àwọn ẹgbẹ́ yín bá ti ń wọ aṣọ ìparí. Ṣùgbọ́n èsì WAEC yín ṣì wà bó ṣe wà, kì í gbó. JAMB nìkan ni ẹ máa tún ṣe, torí ọdún tí wọ́n bá ṣe é nìkan ni èsì rẹ̀ wúlò fún.